Nígbà Tí Ìjọba Bá Wọ Jẹ́sì, Ta Ló Ń Sanwó Rẹ̀?



Ọ̀kan nínú yín ló tẹ̀ mí láago lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ṣì rántí ibi tó máa ń jókòó sí ní kíláàsì, ṣùgbọ́n òun náà ti ń hu ewú báyìí. Ó ní, “Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ kan. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn. Èmi ní kò yẹ kí ìjọba àti òṣèlú dé ibi eré bọ́ọ̀lù rárá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mò ń sọ.” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀, pé màá kọ èsì rẹ̀ síbí kí gbogbo yín lè jọ kà á.

Bí mo ṣe rí i nìyí: òṣèlú kì í ṣe àlejò nínú ìdíje àgbáyé, ọmọ inú ilé ni. Bí ọmọ méjì bá ń sáré lójú ọ̀nà oko, eré lásán nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá wọ aṣọ aláwọ̀ ewé àti funfun fún ọ̀kan, tí a wọ àwọ̀ mìíràn fún èkejì, tí a kọ orin orílẹ̀-èdè, tí a fa àsíá sókè, ìjọba ti wọ pápá nìyẹn, kódà bí olórí ìlú kò bá kúrò nílé. Nítorí náà, kò sí àǹfààní nínú ká máa bèèrè bóyá ìjọba wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bèèrè ohun tí ìjọba ń fi eré náà ṣe, àti ẹni tó ń sanwó rẹ̀.

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé fún mi o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, ọdún 1996 ni. Iná ti lọ ní àdúgbò wa bí ìṣe rẹ̀. Pálọ̀ aládùúgbò mi kan tó ní jẹnẹrétọ̀ ni a kóra jọ sí, a fún mọ́ra bí ẹja inú agolo. Nàìjíríà àti Ajẹntínà ló ń gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Emmanuel Amuneke gbá bọ́ọ̀lù kẹta wọlé, tó di 3 sí 2, mi ò mọ ìgbà tí mo fò síta. Èmi tí wọ́n ń pè ní ọ̀mọ̀wé, mo bá àwọn ọmọdé jó lójú títì títí bàtà mi ẹsẹ̀ kan fi sọnù.

Ibi tí mo ti ń wá bàtà náà kiri nínú òkùnkùn ni èrò kan ti wọ̀ mí lọ́kàn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, tó ti náwó sórí eré ìdárayá débi tí wọ́n fi ń pè é ní òpómúléró eré ìdárayá ilẹ̀ Áfíríkà, wà ní àtìmọ́lé ìjọba. Ní ọjọ́ 4, oṣù kẹfà, ọdún yẹn kan náà, wọ́n ti yìnbọn pa Kudirat ìyàwó rẹ̀ ní ìgboro Èkó. Àwa olùkọ́ yunifásítì wà lórí ìyanṣẹ́lódì, ìjọba sì ti fi òfin de ẹgbẹ́ wa. Ìjọba tó wà nídìí gbogbo èyí ló máa jáde lọ́la láti kí àwọn ọmọ náà kú oríire, tí yóò kéde ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo ìlú. Mo bi ara mi pé, “Ta gan-an ni mo ń jó fún yìí?”

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí àwọn ìjọba mìíràn ti fi eré ìdárayá ṣe, nítorí àwa kọ́ la máa kọ́kọ́ bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé.

Aṣọ àlejò

Gbogbo wa la mọ bí a ti ń ṣe nílé tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀. À ń gbálẹ̀, à ń tẹ́ aṣọ sórí àga tó ya, à ń kó ẹrù wúruwùru sí yàrá inú, a sì ń ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. À ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé wọn ò gbọdọ̀ sọ fún àlejò pé a ò jẹun lánàá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọba ń fi gbígbàlejò ìdíje àgbáyé ṣe nìyẹn. Àwọn òyìnbó ti wá fún un lórúkọ láyé òde òní, orúkọ tó túmọ̀ sí fífi eré ìdárayá fọ ìdọ̀tí ara ẹni. Orúkọ náà ló jẹ́ tuntun, ìwà náà ti pẹ́.

Ọdún 1931 ni àjọ Òlíńpíìkì yan ìlú Berlin fún ìdíje ọdún 1936. Hitler kò tíì gba ìjọba Jámánì nígbà náà, ọdún 1933 ló dé orí àlééfà. Ó bá àlejò tó ń bọ̀ nílẹ̀, ó sì tètè mọ ohun tí yóò fi ṣe. Nígbà tí ọjọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n yọ àwọn pátákó tí wọ́n kọ sí pé a kò fẹ́ Júù níbí kúrò lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ 16, oṣù keje, 1936, wọ́n kó àwọn ẹ̀yà Roma tó ń gbé ìlú náà lọ sí àgọ́ kan ní Marzahn, ní ẹ̀yìn ìlú, kí àlejò má bàa rí wọn. Àṣà gbígbé iná sáré láti ilẹ̀ Gíríìsì wá sí pápá Òlíńpíìkì, ọdún yẹn náà ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu tí mo bá sọ èyí, nítorí wọ́n rò pé àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ni ín. Leni Riefenstahl ya gbogbo rẹ̀ sí fíìmù tó pè ní Olympia, tó jáde ní 1938. Ọ̀pọ̀ àlejò padà sílé, wọ́n ń sọ pé ìlú Jámánì tòrò, ó sì mọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ogun ti bẹ́ sílẹ̀.

Àmọ́ ẹni tó bá pe àlejò kò lè pàṣẹ ohun tí àlejò yóò ṣe tó bá dé. Jesse Owens, ọmọ aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà 4 lójú àwọn tó ń pariwo pé ẹ̀jẹ̀ tiwọn ló ga jù láyé. Kẹ́ ẹ má sì tíì pàtẹ́wọ́ fún Amẹ́ríkà o. Ìpínlẹ̀ Alabama tí wọ́n bí Owens sí, kò lè jókòó síwájú nínú bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Amẹ́ríkà ń fi wúrà rẹ̀ yangàn lókèèrè, ó sì ń fi àwọ̀ ara rẹ̀ dù ú ní àga nílé. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ẹni tó gbàlejò nìkan ló ń lo eléré ìdárayá?

Àpẹẹrẹ kejì ni Ajẹntínà. Ọdún 1966 ni FIFA ti fún wọn ní Ife Àgbáyé ọdún 1978. Ní oṣù kẹta, 1976, àwọn ológun gba ìjọba níbẹ̀, Jorge Videla sì di olórí. Wọ́n ń jí ènìyàn gbé nílé, níbi iṣẹ́, lójú títì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni kò padà wá mọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi kan wà ní Buenos Aires tí wọ́n ń pè ní ESMA. Inú ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá àwọn tí wọ́n jí gbé lóró. Ibẹ̀ kò jìnnà sí pápá tí wọ́n ti gbá àṣekágbá, ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn ín. Àwọn tí orí kó yọ níbẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé láti inú àtìmọ́lé àwọn ni àwọn ti ń gbọ́ ariwo àwọn òǹwòran. Ní ọjọ́ 25, oṣù kẹfà, 1978, Ajẹntínà na Netherlands ní 3 sí 1. Videla fúnra rẹ̀ ló gbé ife náà lé Daniel Passarella, olórí ikọ̀, lọ́wọ́. Gbogbo ìlú bú sáyọ̀.

Ẹ wá wo nǹkan kan. Àwọn ìyá tí wọ́n ń wá ọmọ wọn máa ń pàdé ní gbàgede Plaza de Mayo ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, wọ́n á we gèlè funfun. Ọjọ́bọ̀ náà ni ìdíje bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 1, oṣù kẹfà. Lára àwọn oníròyìn tó wá nítorí bọ́ọ̀lù, pàápàá àwọn ará Netherlands, gba gbàgede yẹn lọ, wọ́n ya àwọn ìyá náà, wọ́n sì jẹ́ kí ayé gbọ́ ohùn wọn. Àlejò tí a pè wá wo pálọ̀ ti ṣí ilẹ̀kùn yàrá inú. Ewu tó wà nínú irú ìpolongo bẹ́ẹ̀ nìyẹn: ojú tí o pè láti wá wo ẹwà rẹ lè rí egbò rẹ.

Ọwọ́ tí a nà

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìjọba ń fi eré bo nǹkan mọ́lẹ̀ o. Nígbà mìíràn, alárinà ló ń fi í ṣe. Bí ìdílé méjì bá ti ń bá ara wọn yodì fún ìgbà pípẹ́, bàbá kì í kọ́kọ́ lọ bá bàbá. Wọ́n lè rán ọmọ kékeré lọ yá iyọ̀. Bí wọ́n bá fún un ní iyọ̀, ọ̀nà ti là. Bí wọ́n bá lé e, a ó ní ọmọdé ni, kò mọ nǹkan kan, ojú kò sì ní ti ẹnikẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti Amẹ́ríkà àti Ṣáínà rí. Láti 1949 tí ẹgbẹ́ Mao ti gba ìjọba, àwọn méjèèjì kò bá ara wọn ṣe. Ní oṣù kẹrin, 1971, ìdíje tẹníìsì orí tábìlì ti gbogbo ayé ń lọ lọ́wọ́ ní Nagoya, nílẹ̀ Japan. Glenn Cowan, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, wọ bọ́ọ̀sì àwọn ará Ṣáínà. Gbogbo wọn dákẹ́. Zhuang Zedong, tó ti gba ife ayé nígbà mẹ́ta, dìde, ó kí i, ó sì fún un ní aṣọ ṣẹ́dà tí wọ́n ya òkè sí. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ìjọba Ṣáínà ti pe ikọ̀ Amẹ́ríkà wá sílé. Ní oṣù kejì, 1972, Ààrẹ Nixon fúnra rẹ̀ balẹ̀ sí Beijing. Bọ́ọ̀lù kékeré tí kò wúwo tó ẹyin adìyẹ ló ṣí ọ̀nà tí àwọn aṣojú ìjọba ń wá láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ìjọba méjèèjì ti ń ránṣẹ́ síra wọn lábẹ́lẹ̀ kó tó di ìgbà náà, ohun tí wọ́n nílò ni ọmọ tí wọn yóò rán lọ yá iyọ̀ lójú gbogbo ayé.

Ìjọba tún lè na irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ sí àwọn ènìyàn tirẹ̀. Ogun abẹ́lé wa parí ní oṣù kìn-ín-ní, 1970. Ní oṣù kìn-ín-ní, 1973, ìjọba Gowon gba ìdíje gbogbo Áfíríkà lálejò ní pápá ìṣeré tuntun ní Sùúrùlérè. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí ayé àti àwa fúnra wa gbọ́ ni pé ilé tó ń jó lánàá ti di ọ̀kan padà. Ṣé ó rí bẹ́ẹ̀ tán lóòótọ́? Ẹni tó pàdánù ilé àti ẹbí rẹ̀ ló lè dáhùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó yẹ ní sísọ ni.

Ọwọ́ tí a fà sẹ́yìn

Ohun kẹta ni ti ẹni tó kọ̀ tó ní òun ò ṣe. Ìjọba tí kò ní ọkọ̀ ogun tó lè dé ọ̀nà jíjìn, tí owó rẹ̀ kò sì mi ọjà ayé, ó ní ohun ìjà kan lọ́wọ́: ó lè ní òun ò bá yín ṣeré. Ilẹ̀ Áfíríkà ló lo ohun ìjà yìí jù, ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà ló sì mú un wá.

Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà Gúúsù Áfíríkà fẹ́ràn eré ìdárayá bí ẹ̀mí, pàápàá rugby. Àjọ Òlíńpíìkì kò jẹ́ kí wọ́n wá sí Tokyo ní 1964, ó sì yọ wọ́n lẹ́gbẹ́ ní 1970. Ṣùgbọ́n rugby kò sí nínú Òlíńpíìkì, àwọn ọ̀rẹ́ wọn sì ń bá wọn gbá a lọ. Ní ọjọ́ 16, oṣù kẹfà, 1976, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Soweto. Ẹ̀jẹ̀ kò tíì gbẹ nígbà tí ikọ̀ rugby New Zealand balẹ̀ síbẹ̀ láti wá ṣeré.

Àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá nílẹ̀ Áfíríkà, tí ọmọ Nàìjíríà kan, Abraham Ordia, jẹ́ olórí rẹ̀, ní kí wọ́n yọ New Zealand kúrò nínú Òlíńpíìkì tó fẹ́ wáyé ní Montreal lóṣù tó tẹ̀ lé e. Àjọ Òlíńpíìkì ní rugby kì í ṣe ti àwọn. Ni orílẹ̀-èdè tó lé ní 20, tí Nàìjíríà wà lára wọn, bá yọwọ́. Àwọn ọmọ wa ti dé Kánádà, wọ́n ti ń gbára dì. Ikọ̀ bọ́ọ̀lù wa ìbá bá Bràsíl wọ̀ ọ́. Àṣẹ dé láti ilé, wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n wọ bàálù padà.

Mo fara mọ́ ìpinnu náà nígbà yẹn, mo ṣì fara mọ́ ọn títí dòní. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín pé ọ̀fẹ́ ni. Filbert Bayi ti Tanzania ló ní àkọsílẹ̀ ayé nínú eré mítà 1,500, John Walker ti New Zealand sì ni gbogbo ayé ń retí pé yóò bá a figagbága. Bayi kò sí níbẹ̀. Walker gba wúrà. Ẹ rò ó wò: New Zealand tí a torí rẹ̀ yọwọ́ ló gbé wúrà lọ, ọmọ Áfíríkà tó lè dá a dúró sì wà nílé. Ìjọba ló sọ̀rọ̀, eléré ìdárayá ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sanwó ọ̀rọ̀ náà. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni Òlíńpíìkì ń wá, iṣan ẹsẹ̀ kò sì mọ bí a ti ń dúró deni.

Síbẹ̀ ó so èso. Ní oṣù kẹfà, 1977, àwọn olórí Commonwealth pàdé, wọ́n fẹnu kò ní Gleneagles, ní Scotland, pé àwọn yóò máa dènà kí eléré ìdárayá wọn bá Gúúsù Áfíríkà ṣeré. Nàìjíríà tún yọwọ́ nínú ìdíje Commonwealth ní Edmonton ní 1978. Ní 1986, nígbà tí ìjọba Thatcher kọ̀ láti fìyà ọrọ̀ ajé jẹ Gúúsù Áfíríkà, Nàìjíríà àti Ghana ló kọ́kọ́ kéde pé àwọn ò ní lọ sí Edinburgh. Kó tó parí, orílẹ̀-èdè 32 nínú 59 ló jókòó sílé. Ọdún 1992 ni Gúúsù Áfíríkà tó tún fojú kan Òlíńpíìkì, nígbà tí ògiri ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti ń wó.

Kí ẹ má bàa rò pé gbogbo ẹni tó bá ní ká yọwọ́ la máa ń tẹ̀ lé, ẹ rántí 1980. Soviet ti wọ Afghanistan, Ààrẹ Carter sì fẹ́ kí gbogbo ayé kọ Òlíńpíìkì Moscow. Ó rán Muhammad Ali wá sí Áfíríkà láti wá bẹ̀ wá. Ní Tanzania, Ààrẹ Nyerere kò tilẹ̀ rí i. Àwọn oníròyìn bi í pé nígbà tí Áfíríkà yọwọ́ ní 1976, níbo ni Amẹ́ríkà wà? Ali fúnra rẹ̀ sọ pé wọn ò sọ ìyẹn fún òun kí òun tó gbéra. Ó dé Nàìjíríà náà. A fẹ́ràn rẹ̀, ta ni kò fẹ́ràn Ali? Ṣùgbọ́n Nàìjíríà lọ sí Moscow.

Nígbà tó kan àwa náà

Mo ti ń bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ bàtà mi.

Ní ọjọ́ 24, oṣù kẹfà, 1995, Gúúsù Áfíríkà tuntun gba ife rugby àgbáyé nílé wọn, wọ́n na New Zealand ní 15 sí 12. Mandela wọ jẹ́sì aláwọ̀ ewé ti ikọ̀ náà, jẹ́sì tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti kórìíra láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì jáde sí pápá. Ìpolongo ni, ẹ má ṣe jẹ́ ká tan ara wa. Ṣùgbọ́n ìpolongo tí ẹni tó ṣe é ti fi ọdún 27 nínú ẹ̀wọ̀n sanwó rẹ̀ ni. Òun ló san án, kò rán ẹlòmíràn.

Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, ìjọba Abacha so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́ ní Port Harcourt. Àwọn olórí Commonwealth wà ní ìpàdé lọ́jọ́ náà gan-an ní Auckland, ní New Zealand. Mandela bínú gidigidi, ó ní kí wọ́n fìyà jẹ ìjọba Nàìjíríà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n dá Nàìjíríà dúró nínú àjọ náà. Ẹ wo bí ayé ṣe yí padà: àwa tí à ń torí New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà yọwọ́ nínú ìdíje, ilẹ̀ New Zealand ni wọ́n ti fi ọwọ́ òsì júwe ilé fún wa, Gúúsù Áfíríkà ló sì ṣáájú wọn.

Ní oṣù kìn-ín-ní, 1996, Ife Áfíríkà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà ló ni ife náà lọ́wọ́, 1994 la gbà á ní Tunisia. Ìjọba ní Super Eagles kò ní lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ta ni wọ́n ń tàn? Ìbínú sí Mandela ni. Ikọ̀ 15 ló gbá ìdíje náà dípò 16, Gúúsù Áfíríkà gba ife. Àjọ CAF fìyà jẹ wá, wọn ò jẹ́ ká kópa ní 1998 náà.

Ẹ fi èyí wé 1976. Ohun ìjà kan náà ni, ọwọ́ tí a fà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní 1976, nítorí àwọn ọmọ tí wọ́n yìnbọn pa ní Soweto la ṣe fà á. Ní 1996, nítorí pé ẹnìkan bá wa wí pé a pa ènìyàn la ṣe fà á. Ẹni tó bá ní ohun kan náà ni méjèèjì, kò wo ìdí ọ̀rọ̀.

Ta ló wá sanwó ti 1996? Rashidi Yekini ní góòlù 13 nínú Ife Áfíríkà látìgbà tó ti ń gbá a. Góòlù 14 ti Laurent Pokou ti Côte d’Ivoire ni àkọsílẹ̀ tó ga jù lọ nígbà náà. Ó ku ọ̀kan kó bá a, méjì kó kọjá rẹ̀. Ìjọba ti ilẹ̀kùn ti 1996, CAF ti ti 1998. Yekini kò tún gbá Ife Áfíríkà mọ́ láyé. Kò sọ̀rọ̀ sí Mandela, kò sì pa ẹnikẹ́ni.

Oṣù méje lẹ́yìn tí ìjọba kọ̀ láti rán ikọ̀ lọ sí Gúúsù Áfíríkà ni Òlíńpíìkì dé. Chioma Ajunwa fo mítà 7.12 ní ọjọ́ 2, oṣù kẹjọ, ó gba wúrà àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà rí. Àwọn ọmọ Kanu na Bràsíl ní 4 sí 3 lẹ́yìn tí Bràsíl ti fi 3 sí 1 ṣáájú, wọ́n sì na Ajẹntínà. Ìjọba tó fi ikọ̀ pamọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ti wá ń gbé ikọ̀ jó ní oṣù kẹjọ. Nígbà tó fẹ́ fi ìbínú hàn, eléré ìdárayá ló fi sọ̀rọ̀. Nígbà tó fẹ́ rẹ́rìn-ín sí wa, eléré ìdárayá náà ló fi rẹ́rìn-ín.

Ta ni mo jó fún?

Mo ti ní ọdún tó pọ̀ láti ro ìbéèrè yìí. Àwọn ọmọ yẹn ni mo jó fún, ojú kò sì tì mí. Ìjọba lè yá ayọ̀ wa lò, kò lè gbà á pátápátá. Abacha kú ní ọjọ́ 8, oṣù kẹfà, 1998. Ìsinmi tó kéde, ta ló rántí ọjọ́ tó bọ́ sí? Ṣùgbọ́n bá ọmọ Nàìjíríà tó ti dàgbà tó nígbà náà sọ̀rọ̀, á sọ ibi tó wà nígbà tí Kanu yí padà tó gbá bọ́ọ̀lù kẹrin sáwọ̀n Bràsíl.

Ohun tí ojú ń tì mí lé lórí ni pé ó pẹ́ kí n tó béèrè. Àwọn àgbà wa ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Mo fẹ́ fi kún un pé bí a bá ń jó náà, ká máa ríran. Ìdíje àgbáyé tó bá tún dé, ẹ wò ó, ẹ gbádùn rẹ̀, ẹ pariwo. Lẹ́yìn náà kí ẹ bèèrè nǹkan mẹ́ta. Èwo nínú yàrá ilé yìí ni wọ́n tì pa nítorí àlejò? Ta ni ọ̀rọ̀ tí ìjọba ń fi eré yìí sọ wà fún, àwa ni àbí àwọn ará òkèèrè? Bí wọ́n bá sì ní ká yọwọ́, ṣé nítorí ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà ni, àbí nítorí ẹni tó ń fìyà jẹni tí wọ́n bá wí? Èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa tọ́ka sí ẹni tó ń sanwó.

Ìwọ tó tẹ̀ mí láago, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ jàre. Ṣùgbọ́n ìwọ náà kò jẹ̀bi tán. Ohun tó ń dùn ọ́ ni pé ayọ̀ tí ọmọ olómọ fi òógùn rẹ̀ mú wá, ẹlòmíràn ló ń fi í ṣe ẹ̀ṣọ́ ara. Ó yẹ kó dùn ọ́. Má sì jẹ́ kí ìrora yẹn kúrò lára rẹ.

Bàtà mi, ọmọ aládùúgbò mi ló bá mi rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú gọ́tà. Mo fọ̀ ọ́, mo sì wọ̀ ọ́ fún ọdún méjì sí i.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa fi ìbéèrè yín ránṣẹ́.